Kì í ṣe gbogbo ilé tó ń mì ló fẹ́ wó

Láti ìgbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ti wó lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ lóru ní Jẹ́gẹ́dẹ́, n'Íbàdàn níbí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ojú tá a fi ń wo ògiri ti yàtọ̀. Ẹni tó rí ibi tó sán fín-ín-fín lára ilé rẹ̀ á ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, á ní kí ará wá bá òun wò ó bóyá kí òun tètè kó jáde. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró lórí bíríìjì Mọ́lété, tí tírélà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí bíríìjì sì gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ó di kó máa pe Jésù tàbí kó máa ṣe làílàà. Ẹnì kẹta wà tó ń wó ògiri ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ lójú títì kó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn tiẹ̀ balẹ̀ dẹ́dẹ́, torí pé kò rí ohunkóhun tó sán.

Lójú tèmi, ẹnì kẹta yìí ló yẹ kó máa bẹ̀rù jù.

Ìbéèrè méjì la máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn tọ́rọ̀ ilé bá délẹ̀. Ọ̀kan ni pé: ṣé yóò dúró? Èkejì ni pé: báwo ni yóò ṣe sún tó? Ọ̀tọ̀ ni bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń wá ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà tí méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu ń gbé. Ẹ jẹ́ ká ti orí èyí tó rọrùn lọ síbẹ̀.

Kí ni ìdúróṣinṣin, kí sì ni sísún?

Tá a bá ní ilé kan dúró ṣinṣin, ohun tá à ń sọ ni pé bí atẹ́gùn tàbí ẹrù bá tì í kúrò láyè rẹ̀ díẹ̀, yóò padà sáyè rẹ̀ nígbà tí ohun tó tì í bá ti lọ. Èyí tí kò dúró ṣinṣin kì í padà. Ẹ tì í díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá ìyókù lọ.

Sísún ni bí ibì kan lára ilé ṣe jìnnà tó sí ibi tó wà kí ẹrù tó dé. Ó lè jẹ́ sísàlẹ̀, bíi ti dẹ́kìn tó tẹ̀ láàárín. Ó lè jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti orí ilé gíga tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kò sí nǹkan tó ń gbẹ́rù tí kì í sún. Bó bá jẹ́ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ti ń ka èyí, dẹ́kìn abẹ́ yín ti tẹ̀ nítorí yín, ojú ni ò rí i. Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1678: bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, sísún náà á di ìlọ́po méjì, bí wọ́n bá sì gbé ẹrù kúrò, nǹkan náà á padà. Òfin yìí múlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹrù ò bá tíì pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tá a máa nílò, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń ṣorí kunkun sí ohun tó fẹ́ sún un. Mo máa pè é ní agídí. Bíìmù tó jẹ́ pé tọ́ọ̀nù kan ló tó sún un ní mìlímítà 1 lágídí ju èyí tí àpò sìmẹ́ńtì kan sún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi agídí pe agbára o. Agbára ni iye ẹrù tí nǹkan lè gbé kó tó ṣẹ́, agídí sì ni kì í jẹ́ kó sún púpọ̀ kó tó débẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tí yóò dúró?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kan lára ìsọ̀ onípákó ní ọjà Bódìjà: igi méjì lóòró, ọ̀kan tó dábùú wọn lókè, ìṣó kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Igi náà lè jẹ́ ìrókò, ìṣó náà lè gùn tó ìka ọwọ́. Síbẹ̀, ẹ fi èjìká tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò dà sílẹ̀, igi kankan ò sì ní ṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe agbára ló ṣaláìtó. Bí wọ́n ṣe tò ó ni.

Ìṣirò kan wà tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe tó ń fi èyí hàn. Oríkèé mẹ́rin ló wà nínú ìsọ̀ yẹn, méjì nílẹ̀, méjì lókè. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lè gba ọ̀nà méjì sún: sókè-sódò, tàbí sọ́tùn-ún-sósì. Ọ̀nà 8 nìyẹn, gbogbo rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ dí. Igi kọ̀ọ̀kan ń dí ọ̀nà kan, torí pé kò jẹ́ kí oríkèé méjì tó so pọ̀ jìnnà síra tàbí kí wọ́n súnmọ́ra. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ dì mú ń dí méjì. Igi 3, ẹsẹ̀ méjì tó dí ọ̀nà 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni ìsọ̀ náà ń gbà dà wó.

Ẹ wá kan pákó kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti ìdí igi kan dé orí èkejì. Ó di 8. Onígun mẹ́rin ti pín sí onígun mẹ́ta, igi mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sì lè yí ìrísí padà àyàfi bí ọ̀kan nínú wọn bá gùn sí i, tó kúrú sí i, tàbí tó ṣẹ́. Ìdí nìyí tí igi òrùlé àti òpó irin gíga àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi kún fún onígun mẹ́ta. Àmọ́ kí iye pé nìkan ò tó. Bí ẹ bá kan ìdàgẹ̀rẹ̀ méjì síbì kan náà tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo, iye á pé, ìsọ̀ á sì wó.

Ilé kọnkéré kì í sábà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, torí oríkèé tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìṣó. Wọ́n da pílà àti bíìmù pọ̀ ni, ọ̀pá irin sì gba inú ọ̀kan wọ inú èkejì, tó fi jẹ́ pé oríkèé náà fúnra rẹ̀ ò gbà láti yí. Ìyẹn bí irin náà bá wọlé dáadáa o. Bíríkìlà tó gé irin kúrú kó lè ṣẹ́ díẹ̀ kù ti sọ oríkèé kọnkéré di oríkèé ìṣó, sìmẹ́ńtì sì ti bò ó, ojú ò lè rí i mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò iye tí yóò sún?

Nǹkan mẹ́rin ló wọ inú ìṣirò náà: ẹrù, gígùn, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti ìrísí rẹ̀. Ẹrù àti ohun èlò ò lọ́jú pọ̀. Tá a bá ń sọ ti agídí, irin ju kọnkéré lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méje, ó sì ju pákó lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ogún. Gígùn àti ìrísí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ká mú pákó tá a fi dá gọ́tà. Bí ẹnì kan bá dúró láàárín rẹ̀, ó máa tẹ̀ díẹ̀. Ká ní gọ́tà náà fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí pákó ò nípọn sí i, títẹ̀ náà ò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po 8 ni yóò dà. Bó bá sì jẹ́ ẹrù tó tẹ́ kárí gbogbo pákó, bíi ti dẹ́kìn tó ń gbé ara rẹ̀, ìlọ́po 16 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ pílà àárín pálọ̀ kúrò kí pálọ̀ lè ṣeé ṣe ìnáwó, ó ń béèrè ohun tó pọ̀ gan-an lọ́wọ́ bíìmù kan náà.

Ti ìrísí ńkọ́? Pákó tí àwọn káfíńtà ń pè ní tú-báì-síìsì fẹ̀ ní íńṣì 6, ó nípọn ní íńṣì 2. Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ gbalaja, ẹ gbẹ́rù lé e, kí ẹ sì wo bó ṣe tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín. Títẹ̀ náà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Igi kan náà ni, owó kan náà lẹ rà á. Ìdí nìyí tí bíìmù fi máa ń jìn sísàlẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìṣirò, wọ́n á wá wò ó bóyá iye tó jáde ṣeé gbà. Òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún dẹ́kìn ni gígùn rẹ̀ tá a pín sọ́nà 250: èyí tó gùn ní mítà 5 lè tẹ̀ tó mìlímítà 20. Kọnkéré tún máa ń tẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, ó sì lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ kó tó dúró. Ìlẹ̀kùn lè máa há, táìsì lè sán. Inú á bí onílé, ṣùgbọ́n ilé ò fẹ́ wó.

Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ náà ń sún. Ó ga ní mítà 105, ó ní àjà 26, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Òṣùwọ̀n táwọn ẹnjiníà sábà ń lò fún ilé gíga ni pé kí orí rẹ̀ má sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju gíga rẹ̀ tá a pín sọ́nà 500 lọ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Fún ilé tó ga tó yẹn, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni Ilé Kòkó ń sún o. Ohun tí òṣùwọ̀n gbà láàyè fún irú rẹ̀ ni mò ń sọ. Bíríìjì náà ńkọ́? Ibi tí táyà ti ń ró gbì nígbà téèyàn bá ń gun bíríìjì, àlàfo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Irin tó gùn ní mítà 30 máa ń gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 7 bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i. Bí wọn ò bá fún un láyè, yóò wá àyè fúnra rẹ̀.

Ibo ni méjèèjì ti pàdé?

Ẹ fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀. Ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fà á: kì í tètè já. Ẹ wá gbé ìdí rẹ̀ lé tábìlì, kí ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kíákíá ni àárín rẹ̀ máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ṣẹ́, kò sán, àmọ́ kò lè gbẹ́rù mọ́. Ẹ gé e sí méjì, ẹ tún un ṣe, yóò gbà tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó gbà tẹ́lẹ̀ kó tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni pílà tó gùn tó sì tín-ín-rín ṣe ń ṣe. Leonhard Euler, ará Switzerland, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1744. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú rẹ̀ ni pé agbára ohun tí wọ́n fi ṣe òpó náà ò sí níbẹ̀ rárá. Agídí rẹ̀, gígùn rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe di orí àti ìdí rẹ̀ mú ló wà níbẹ̀. Òpó tín-ín-rín tí wọ́n fi irin tó lágbára jù lọ ní ọjà ṣe máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹrù kan náà tí irin lásán máa yọ.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni kókó wà. Ká ní ẹrù tí yóò mú òpó kan yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá jẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Ká tún ní ẹni tó gbé e dúró ò jẹ́ kó gún tààrà, àárín rẹ̀ ti wọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1 kí ẹrù tó dé. Ẹ gbé tọ́ọ̀nù 5 lé e, wíwọ́ náà di sẹ̀ǹtímítà 2. Ní tọ́ọ̀nù 8, ó di 5. Ní tọ́ọ̀nù 9, ó di 10. Ní tọ́ọ̀nù 9 àbọ̀, ó di 20. Tọ́ọ̀nù 5 àkọ́kọ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan péré kún un; ààbọ̀ tọ́ọ̀nù tó gbẹ̀yìn fi mẹ́wàá kún un. Òfin Hooke ò ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀. Ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń jẹ agídí òpó náà run, nígbà tí agídí bá sì tán, sísún ò ní òpin mọ́. Ká sòótọ́, kọnkéré á ti ṣẹ́ kó tó débẹ̀.

Ohun tó yẹ ká máa bi ilé nìyí. Kì í ṣe bóyá ó sún, bí kò ṣe bóyá sísún rẹ̀ ń yára sí i lórí ẹrù tí ò tó nǹkan.

Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n ń kọ́ bíríìjì irin ńlá kan lọ́dún 1907. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá, wọ́n ti wọn ibi tí àwọn irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ́, wọ́n sì rí i pé wíwọ́ náà ń pọ̀ sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn, wọ́n ń jiyàn bóyá ó ti wọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá. Iṣẹ́ ò dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, bíríìjì náà já, òṣìṣẹ́ 75 sì kú.

Kí ló kàn wá n'Íbàdàn nínú èyí?

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn. Kọnkéré tútù ò ní agídí kankan, ẹrù lásán ni. Dẹ́kìn tó nípọn ní mìlímítà 150, lórí yàrá mítà 4 sí mítà 4, wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà, kí àwọn tó ń dà á tó gun orí rẹ̀. Ọparun ló sábà ń gbé gbogbo ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọparun lágbára, mi ò bá a jà, àmọ́ èyí tó dá dúró ní mítà 3 láìsí ohun tó dì í mú láàárín ni ìgbálẹ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá fi igi dábùú gbogbo wọn láàárín, tí wọ́n sì so ó le, gígùn kọ̀ọ̀kan ti di ìdajì nìyẹn, ohun tó lè gbé sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣó díẹ̀ àti pákó àlòkù ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Kí wọ́n so ó ní ìbú àti ní òró o, kí wọ́n sì kan ìparí rẹ̀ mọ́ pílà tàbí ògiri tó ti gbẹ. Bí wọ́n bá kàn so ọparun pọ̀ mọ́ ọparun, gbogbo wọn lè jọ yọ sápá kan náà.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù. Lóòótọ́, ògiri tó wà láàárín pílà méjì lè má gbé dẹ́kìn, bíríkìlà á sì sọ fún onílé pé "ògiri lásán ni". Ṣùgbọ́n ògiri yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ pákó ìdàgẹ̀rẹ̀ ìsọ̀ Bódìjà. Kì í jẹ́ kí orí pílà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òpó tín-ín-rín kan bá wà tí orí rẹ̀ ò lè yẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá di pé ó lè yẹ̀, ohun tó lè gbé lè já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Òkè ilé ṣì wúwo bó ṣe wúwo, ìsàlẹ̀ ti di gbayawu. Ní ọjọ́ tí wọ́n wó ògiri náà, kò sí ohun tó máa sán, nítorí ẹrù ò tíì yí padà. Àyè tó kù láàárín ẹrù náà àti ibi tí agídí ti ń tán ló ti dín kù, ojú kì í sì í rí ìyẹn. Bí onílé bá wá fi àjà kan sí i lórí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti ń rìn lọ sí tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án àbọ̀ nìyẹn.

Ṣé kọ̀ǹpútà ò lè sọ fún wa ni?

Ó lè sọ ọ́, kìkì ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló mọ̀. Ẹnjiníà á kó agídí gbogbo bíìmù àti pílà jọ sínú ìṣirò kan, kọ̀ǹpútà á sì wá iye tí oríkèé kọ̀ọ̀kan máa sún. Bí ọ̀nà kan bá wà tí ilé náà ò ní agídí kankan, bíi ti ìsọ̀ onígi mẹ́ta, ìṣirò náà ò ní ní ìdáhùn, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí kọ̀ǹpútà máa gbé jáde ni pé orí ilé sún tó kìlómítà mélòó kan. Irin tí wọ́n gé kúrú kò sí nínú àwòrán, torí náà kò sí nínú ìdáhùn.

Ilẹ̀ abẹ́ ilé ńkọ́?

Bí gbogbo ilé bá rì ní ìwọ̀n kan náà, pílà ò ní mọ̀. Kí igun kan rì ju igun kejì lọ ló ń fa ògiri ya. Ẹni tó ń kọ́lé sẹ́bàá odò bí Ògùnpa tàbí Kúdẹtì, tí apá kan ìpìlẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí yangí líle, tí apá kejì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi pàǹtírí kún, kó retí rẹ̀. Ibi tó sán máa ń gba ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó sì máa ń tẹ̀ lé ojú búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn.

Ilé gogoro Pisa ní Ítálì fì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìwó. Ohun tó mú kí wọ́n tì í pa fún àwọn àlejò lọ́dún 1990 ni pé fífì náà ò dúró. Wọ́n yọ yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ apá tó ga, ó padà díẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2001. Ó ṣì fì di òní, nítorí kò pọn dandan kó gún.

Èyí tó sán lára ògiri tèmi wá ńkọ́?

Fọ́tò kan ò lè dáhùn ìyẹn, nítorí sísún ni à ń wá, fọ́tò kan ò sì lè fi sísún hàn. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí sísán náà parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ tó níbi tó fẹ̀ jù, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀. Bí ògiri bá sún, gíláàsì á ṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó rí wẹ́wẹ́ bíi máàpù lórí ìrẹ́lẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti sìmẹ́ńtì tó ń gbẹ. Bí iye tó ń fi kún un lóṣooṣù bá ń dín kù, ilé náà ń wá àyè jókòó sí. Ẹ lè fara balẹ̀ wá ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kó àkọsílẹ̀ yín fún un. Bó bá jẹ́ pílà ló sán, tàbí tí kọnkéré rẹ̀ ń já tí irin inú rẹ̀ ń yọjú, ẹ má wọn ohunkóhun, ẹ pè é lọ́jọ́ náà. Bí iye tó fi kún un lóṣù yìí bá sì ju ti oṣù tó kọjá lọ, nígbà tí ẹ ò fi ẹrù kún orí ilé, kí àwọn tó wà lókè àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ jáde ná. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí ẹnjiníà máa kọ́kọ́ ṣe jẹ́ kó fi òpó onígbà díẹ̀ gba ẹrù kúrò lórí pílà náà. Ẹ bá wa wò ó pé wọ́n so àwọn òpó yẹn láàárín.